Láti "May I" dé "Kindly"

Nígbà tiwa, ọmọ tó bá fẹ́ lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ gírámà kó tó ráyè jáde ní kíláàsì. "Please sir, may I go out?" ni gbólóhùn ọ̀hún, bó ṣe wà yẹn gẹ́lẹ́ la sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí ọmọ kan bá ṣèèṣì fi "can" sí ibi tó yẹ kí "may" wà, tíṣà á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á ní: "Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni? O lè lọ dáadáa. Àyè ni o ò tíì gbà." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ á tún gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé kí "may" tó dé ẹnu wọn, ṣòkòtò ti rin.

Àwa ni ọmọ ẹ̀yìn ọdún 1955, àwọn tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa já tíṣà nírọ́ fún wa nílé. Ìwé First Aid in English tí Angus Maciver kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní Glasgow, la fi kọ́ orúkọ ọmọ kìnnìún àti orúkọ ibi tí oyin ń gbé. Nígbà tí a dé ilé ìwé girama, Practical English tí Phebean Ògúndípẹ̀ àti P. S. Tregidgo jọ kọ ló gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́nu àwọn tíṣà wọ̀nyẹn la ti pàdé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: can àti could, may àti might, shall àti should, will àti would, lẹ́yìn náà must àti ought to. Ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ ni tíṣà ń pè wọ́n. Orúkọ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè wọ́n, ìyẹn modal, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Shall àti will ló le jù nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé "èmi" tàbí "àwa" ló ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú lásán, shall ni. Bó bá jẹ́ "ìwọ", "òun" tàbí "àwọn", will ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlérí, ìpinnu tàbí àṣẹ, ẹ gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Kó lè wọ̀ wá lórí, tíṣà á sọ ìtàn àlejò kan tó já sódò nílẹ̀ Òyìnbó, tó ń pariwo pé "I will drown, nobody shall save me!" Àwọn tó dúró létí omi gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́: ó ti pinnu láti kú, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ òun. Wọ́n ṣí fìlà fún un, wọ́n bá tiwọn lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Kò sẹ́ni tó bi tíṣà pé irú èèyàn wo ló ń yẹ gírámà wò kó tó na ọwọ́ sí ẹni tó ń rì.

A gba òfin yẹn bí ẹni pé orí òkè Sínáì ló ti wá. A ò mọ̀ pé John Wallis, onímọ̀ ìṣirò kan, ló kọ ọ́ sínú ìwé gírámà tó fi èdè Látìn kọ ní ọdún 1653. A ò sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ni èdè kò kà á sí. Àwọn ará Scotland, níbi tí First Aid wa ti wá, kò fi bẹ́ẹ̀ lo shall bẹ́ẹ̀ rí. Òfin tí wọn kò pa mọ́ nílé la fi ń jẹ ẹgba lókè òkun.

Lónìí, ọmọ ọmọ wa kì í tọrọ àyè. Ó kàn ń fi tó ni létí ni. "Grandpa, I need data" ló máa ń dé sórí fóònù wa, kò sí please, kò sí may, kò sí sir. Àwọn tí ojú ń tì díẹ̀ á fi "kindly" ṣáájú: kindly send, kindly confirm, kindly revert. Kindly ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pátá. Báńkì ń fi í ránṣẹ́ sí wa, ṣọ́ọ̀ṣì ń fi í ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ jí owó wa ní báńkì náà ń fi í ránṣẹ́. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa, àṣẹ ni. Ẹni tó ní "could you" ti fi àyè sílẹ̀ kí a lè ní rárá. Ẹni tó ní "kindly" ti parí ọ̀rọ̀, ó kàn fi oyin ra á lẹ́nu ni.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ fúnra wa. Ìwà rere kọ́ ló mú wa sọ "may" láyé ijọ́un, ẹgba ni. Tíṣà kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí, bóyá torí pé ẹni tó kọ́ òun náà kò sọ ọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní "o" àti "ẹ". "You" tí wọ́n fi ń pe ọba náà ni wọ́n fi ń pe ajá. Àwa ní tiwa, tí a bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, a óò sọ ẹnìkan di púpọ̀, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní irú rẹ̀ mọ́ wá lọ fi ọ̀wọ̀ tirẹ̀ pamọ́ sínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí. Ó fa can sẹ́yìn di could, ó fa will sẹ́yìn di would, kí ohun tó ń tọrọ lè jìnnà díẹ̀ sí ẹni tó ń bẹ̀, kó má dà bíi pé ó gbé dandan wá. Could ni ìdọ̀bálẹ̀ wọn. Ká ní wọ́n ti sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ kan ṣoṣo la ò bá fi mọ̀ ọ́n, torí ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá ní bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kúnlẹ̀? Dípò bẹ́ẹ̀, a há gbogbo rẹ̀ sórí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi dé ẹnu iṣẹ́ tí a ń sọ fún ọ̀gá pé "You should sign this, sir", tí a rò pé a ti bọ̀wọ̀ tán, tí ojú ọ̀gá sì ń pọ́n.

Inú lẹ́tà ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ń jayé jù nígbà yẹn. Níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé kan á jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú tábìlì kékeré àti táípùráítà, á máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ á fi Yorùbá ro ẹjọ́ rẹ̀. Akọ̀wé á sọ ọ́ di pé òun shall be most grateful bí ẹ̀bẹ̀ òun bá may be favourably considered, á sì fi "your obedient servant" parí rẹ̀. Ẹni tó ni lẹ́tà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ó gùn, ó sì sanwó bó ṣe gùn mọ. Lẹ́tà náà á wuyì gan-an. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì náà ló sì máa ń gba iṣẹ́ ọ̀hún, ì báà jẹ́ pé shall àti will ń jà nínú lẹ́tà tirẹ̀.

Akọ̀wé abẹ́ igi ti wọ inú fóònù báyìí. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ọmọ tí kò mọ could yàtọ̀ sí can ń kọ ímeèlì tó kún fún would be grateful àti could possibly. Á fi pidgin sọ ohun tó fẹ́, ẹ̀rọ á dá a padà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tó wọ kóòtù tó de táì. Ẹni tó bá ń gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ á mọ ohun tí à ń sọ: gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kò sì sí bí a ṣe lè mọ èwo ló bọ̀wọ̀ fún wa lóòótọ́. Ó yá wa lára láti bú wọn. Ṣùgbọ́n bàbá wa tó lọ bá akọ̀wé abẹ́ igi kò ka lẹ́tà tirẹ̀ náà kó tó fi ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá wa mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ náà kó lọ gan-an ló yẹ ká bojú wò, torí wọn kò kú. Nígbà kan, inú gírámà àti ìwé òfin ni shall ń gbé. Ní báyìí, ẹ lọ sí ìsìn alẹ́ Jímọ̀ ní èyíkéyìí nínú àwọn àgọ́ ìjọ tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó bá a níbẹ̀ nídìí makirofóònù: you shall not die, you shall not beg, it shall be well. Àwọn pásítọ̀ yìí kò gbọ́ orúkọ John Wallis rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lo shall bí Wallis ṣe ní kí wọ́n lò ó gẹ́lẹ́. "You" tó bá shall rìn, ìlérí ni, àṣẹ ni. Tíṣà wa ì bá gbóríyìn fún wọn. Bóyá àṣẹ náà ń ṣẹ, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà.

May náà jáde ní kíláàsì, ó di àdúrà. Ẹ ṣí WhatsApp yín láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù: may this month favour you, may your helpers locate you, ó sì ní àwòrán òdòdó lábẹ́. Láyé ijọ́un, èèyàn la ń bá sọ̀rọ̀ tí a bá sọ may. Lónìí, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan la ti ń tọrọ àyè. Ẹni tó fi àdúrà yẹn ránṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀ ló máa já wá níwájú láago mẹ́jọ nídìí epo, láìní kí a yọ̀ǹda.

Would ní tirẹ̀, àwa la ba ayé rẹ̀ jẹ́. "The meeting would hold on Saturday" ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ sínú ìwé ìpàdé, "the burial would take place" ni ẹbí kọ sórí ìwé ìkéde òkú. Òyìnbó tó bá kà á á dúró kó gbọ́ ìyókù, torí would ń retí "bí": would hold, bí kí ni bá ṣẹlẹ̀? Kò sí ìyókù. Ìpàdé máa wáyé ní Sátidé ni, ìrẹsì sì ti wà nílẹ̀. Àwa tí wọ́n ti nà nítorí will la fi would rọ́pò rẹ̀, torí a rò pé ó tóbi jù ú lọ, òkú bàbá wa sì gbọ́dọ̀ gba èyí tó tóbi. Àwọn ọmọ wa jogún rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí báńà.

Ẹni tó bá sọ pidgin nílé ìwé wa, ìyà ni yóò jẹ. Ẹni tó bá tilẹ̀ sọ Yorùbá, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sanwó ìtanràn, tàbí kí wọ́n fi pátákó kọ́ ọ lọ́rùn títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ ọ́, kí ó lè gbé e kọ́ onítọ̀hún. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní must nìyẹn. A sì tún máa ń sọ ìtàn yẹn báyìí bí ohun amóríyá.

Lónìí, pidgin ń ka ìròyìn lórí BBC, láti oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é: fit ni can, go ni will, suppose ni should. Tó bá ní "I for come", ó ti sọ "I would have come" tán, èyí tó gba odidi sáà kan lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tún wá fi gats rọ́pò must. Ẹnu wa ti là láti pè é ní ìbàjẹ́. Àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Geoffrey Leech ti Yunifásítì Lancaster fi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1961 àti èyí tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ní 2003 ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: shall, may, must àti ought to ló ń dínkù jù, have to sì ń gbilẹ̀. Ìyẹn ni pé ní àkókò tí wọ́n ń fi ẹgba tẹ shall mọ́ wa lórí, àwọn tó ni ín ti ń gbé e jù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí ilé ìwé wa pé kí wọ́n dáwọ́ dúró.

Ẹ tún wo eléyìí. Ọmọ wa tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, tí Yorùbá rẹ̀ ti di kátikàti nítorí rẹ̀, bó bá fẹ́ gba físà láti lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ṣèdánwò IELTS kó fi hàn pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Jàmáíkà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Britain yọ̀ǹda fún láìṣe ìdánwò, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Èsì ìdánwò náà kì í sì í lò ju ọdún méjì lọ. Àwa tí a ń san owó ìtanràn kí a má baà sọ èdè wa, ọmọ wa ló tún ń sanwó kí wọ́n lè gbà pé ó gbọ́ tiwọn.

Ọ̀nà mìíràn wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ̀dákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí di dandan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri. Ní 2025, ìjọba tó tẹ̀ lé e fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Must ní 2022, must not ní 2025, àwọn ọmọ sì wà ní kíláàsì kan náà, lọ́dọ̀ tíṣà kan náà.

Tíṣà wa máa ń sọ pé shall nínú ìwé òfin kò ní ẹ̀yìn, kò ní ẹ̀gbẹ́: ohun tó bá ní kí a ṣe, àfi kí a ṣe é. Ó hàn pé kò tíì ka ti Nàìjíríà. Abala kejìdínlógún ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba shall pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ó sì fi kún un pé nígbà tó bá ṣeé ṣe. Abala kẹfà ti kọ́kọ́ sọ fún ilé ẹjọ́ pé kó má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ tó wà ní orí ìwé òfin tí abala kejìdínlógún yẹn wà. Àwa tí a wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ lẹ́yìn 1955 kò nílò shall kankan nínú ìwé òfin kí a tó gba síléètì.

Abala kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún sọ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ may lo èdè ìpínlẹ̀ wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. May lásán ni, àyè ni wọ́n fún wọn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó sì ti lò ó, wọ́n ti fi Yorùbá jókòó. Ti Àbújá ni wọ́n kọ shall sí. Abala karùndínlọ́gọ́ta ní iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ shall máa wáyé ní Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé òfin ọdún 1979 bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é. Ẹ̀yin tí aṣojú yín wà níbẹ̀, ẹ bá wa bi í ní ọjọ́ tí ètò náà máa parí. Yorùbá ni kí ẹ fi bi í.